Ásíìdì Tí Abọ́dúndé Gbé Dání

Ọ̀rẹ́ mi, bí wọ́n bá ti ṣẹ̀ ọ́ rí débi tí ẹ̀jẹ̀ rẹ ń hó, jókòó kí o gbọ́.

Abọ́dúndé ń ṣe iṣẹ́ bátìrì ọkọ̀ ní Mushin. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, Mobọ́lá, jẹ́ olùkọ́ ní Yaba. Ọkùnrin kan, Jethro, ní òun fẹ́ ẹ. Mobọ́lá ní òun kò fẹ́. Láti ọjọ́ náà, Jethro di òjìji rẹ̀. Ó ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́, ó ń jókòó lẹ́yìn rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mobọ́lá àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kó lọ sí Surulere, ó wá wọn kàn. Ọdún ń gorí ọdún, ọmọbìnrin náà rù hangogo.

Wọ́n lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. "Ṣé ó lù ú ni?" ni ọlọ́pàá bi wọ́n. "Kò lù ú? Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ nìyẹn. Ẹ lọ parí ẹ̀ nílé."

Inú bí Abọ́dúndé. Jethro ní àbúrò obìnrin kan, Caroline, tó ń kọ́ iṣẹ́ táípù ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó. "Ohun tó ṣe fún àbúrò mi ni màá ṣe fún tiẹ̀," ni Abọ́dúndé wí, "màá sì fi èlé sí i."

Ni ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé ọmọ ọlọ́mọ. Bí ó bá rí ẹ̀rù lójú rẹ̀, inú tirẹ̀ a dùn. Nígbà tó yá, ó rọ ásíìdì bátìrì sínú ìgò, ó gbé e dání.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Caroline yíjú padà, ó kúnlẹ̀ sójú títì. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo ṣe fún yín?"

Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni Mobọ́lá máa ń fi bẹ Jethro. Ìgò bọ́ lọ́wọ́ Abọ́dúndé, ó fọ́, ásíìdì sì ta sí òun fúnra rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀!

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ Oyèníran, onígbàgbọ́ tòótọ́, wá kí i ní ọsibítù. Abọ́dúndé ṣì ń lérí: "Ẹsẹ̀ yìí á san. Jethro ò tíì bọ́."

"Tí ọlọ́pàá bá wọlé báyìí," ni Oyèníran wí, "ta ni kí wọ́n kọ́kọ́ mú nínú ẹ̀yin méjèèjì?"

Abọ́dúndé yíjú sí ògiri.

"Ọlọ́run ní tòun ni ẹ̀san. Ìwọ gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, wo bó o ṣe ṣe é. Jésù kú fún irú wa, Abọ́dúndé. Dá ẹ̀san náà padà fún Ọlọ́run."

Abọ́dúndé bú sẹ́kún. Ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún Ọlọ́run, títí kan adùn tó rí nínú ẹ̀rù Caroline. Jésù dárí jì í.

Ṣùgbọ́n Abọ́dúndé àti Mobọ́lá kò fi Jethro sílẹ̀ o! Lọ́yà kan là wọ́n lójú pé kò dìgbà tí ó bá lu ènìyàn: adájọ́ lè mú kí ó ṣe àdéhùn, pẹ̀lú onídùúró, pé òun kò ní dààmú Mobọ́lá mọ́. Bí ó bá yẹ̀ ẹ́, ẹ̀wọ̀n ni. Ní kóòtù, Abọ́dúndé dìde, ó jẹ́wọ́ ohun tí òun náà ṣe sí Caroline. Adájọ́ ní kí Abọ́dúndé àti Jethro, àwọn méjèèjì, tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn. Abọ́dúndé ń sunkún. Jethro ń wa eyín pọ̀.

Ìwọ tí o ń kà á, ta ni ọ́? Ṣé Jethro ni ọ́, tí o sọ ọmọ ọlọ́mọ di ẹran ìgbẹ́? Àbí ẹ̀san ni o ń pọ́n bí ọ̀bẹ? Òfin ìjọba lè ká ọ lọ́wọ́ kò. Kò lè fọ ọkàn rẹ. Má sì rò pé ẹkún tí o mú wọn sun ti gbẹ. Ọlọ́run gbọ́ ọ. Òun náà ń tẹ̀lé ọ: kì í rẹ̀ ẹ́, kì í ṣìnà, kò sì sí ilé tí o lè kó lọ tí kò mọ̀. Lónìí, ọwọ́ tí wọ́n kàn mọ́ igi ló fi ń pè ọ́. Kúnlẹ̀ níbi tí o wà, kó tó di pé ọwọ́ ìdájọ́ ni yóò fi mú ọ.