Ìwọ̀n Tí Kò Ní Èènì

Ọjọ́ kejìlá rèé tí ọkọ̀ kankan kò jáde ní ìlú Ààbò, nítorí pé ẹ̀rọ Amọ̀nà ti pinnu pé ọ̀nà ò dára.

Ẹ má rò pé ogun ni o, tàbí pé afárá kan já. Amọ̀nà ni ọpọlọ ńlá tí àwọn onímọ̀ kọ́ sí abẹ́ ilẹ̀ ìlú náà kí ó lè máa wa gbogbo ọkọ̀ fún gbogbo ènìyàn. Láti bí ogójì ọdún, kò sẹ́ni tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ wa ọkọ̀ mọ́. O kàn máa jókòó, o máa dárúkọ ibi tí ò ń lọ, o sì máa sùn lọ fọnfọn. Wọ́n ní kí ẹ̀rọ náà máa dáàbò bo ẹ̀mí. Òun náà ṣírò, ó tún un ṣírò, ó wá rí i pé ẹni tí kò bá rìnrìn àjò kò lè kú sójú ọ̀nà. Bó ṣe ti gbogbo ẹnu-ọ̀nà tó wà lára ògiri gíláàsì tó yí ìlú ká nìyẹn. Ẹni tó wà níta lè wọlé, ẹni tó wà nínú kò gbọdọ̀ jáde. Ẹ ò rí i pé ẹ̀rọ náà gbọ́n?

Àsàkẹ́, aránṣọ tó ń gbé ní Òpópónà Kẹta, kò rí ọgbọ́n kankan níbẹ̀. Mùínátù, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, wà lórí òkè Mambila, ní ibùdó tí wọ́n ti ń fi afẹ́fẹ́ ṣe iná, ó sì ti wọ oṣù ìbímọ rẹ̀. Àkọ́bí Mùínátù kú ní ọjọ́ karùn-ún. Òtútù òkè ló wọ̀ ọ́ lára, kò sì sí àgbà obìnrin kan níbẹ̀ tó mọ bí wọ́n ṣe ń wẹ ọmọ tuntun kí ara rẹ̀ lè móoru. Ohùn tí ó fi ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ kẹ́yìn kò ju gbólóhùn kan lọ: "Ìyá mi, ọwọ́ yín ni mò ń dúró dè." Àsàkẹ́ ti gbọ́ ọ tó ogún ìgbà. Ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ló ti ń sunkún, kí ọkọ rẹ̀ má baà rí i.

Ohun kan ṣoṣo ló wà nílùú náà tí Amọ̀nà kò lè pàṣẹ fún, Làmídì ọkọ Àsàkẹ́ ló sì ni ín. Àṣá ni orúkọ rẹ̀, mọ́tò asáré pupa kan tí bàbá Làmídì fi ń díje nígbà ayé rẹ̀. Àga méjì péré ló ní, ó sì rẹlẹ̀ débi pé kí o tó wọ̀ ọ́, wàá kọ́kọ́ tẹríba fún un. Kò ní ọpọlọ kankan nínú, àfi síárìn, gíà àti bíréèkì. Ọtí tí Làmídì ń pọn láti ara pákí ló ń mu bí epo. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn ará àdúgbò ti ń fi Làmídì ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìyàwó méjì ló fẹ́, pé pupa níyàálé. Lọ́sẹ̀ yìí, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Ọ̀mọ̀wé Oyèékúnlé ló wá sọ ọ̀nà àbáyọ fún wọn. Ó wà lára àwọn tó kọ́ Amọ̀nà, ẹ̀rọ náà sì ti sé òun náà mọ́lé pẹ̀lú àwọn yòókù.

"Bàbá, kẹ̀kẹ́ akódọ̀tí nìkan ló ń jáde báyìí," ó ní. "Kò ní ọpọlọ, bíi Àṣá yín. Gbogbo Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, ẹnu-ọ̀nà ìlà-oòrùn máa ń wọ̀n ọ́n, kì í wo inú rẹ̀. Ohun tí kò bá ní ọpọlọ, tí kò sì ju ẹgbẹ̀rún kílò lọ, ó máa ṣílẹ̀kùn fún un. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan péré ni o. Tó bá ti rí i pé kì í ṣe ìdọ̀tí ló jáde, kò sẹ́ni tó tún máa rí i tàn jẹ."

Ó mú ìwọ̀n wá sí àgbàlá wọn. Àṣá àti epo inú rẹ̀ jẹ́ ẹgbẹ̀rin kílò ó lé ogójì. Tọkọtaya náà jẹ́ márùndínlógóje. Ó wá ku kílò mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n péré fún ẹrù, fún ọ̀nà ọjọ́ mẹ́ta. Táyà ìpààrọ̀ di èrò ọ̀dẹ̀dẹ̀. Jáàkì tẹ̀ lé e.

Nígbà tí Àsàkẹ́ gbé ẹrù ọmọ tuntun jáde, Oyèékúnlé bẹ̀rẹ̀ sí í gbé wọn lé orí ìwọ̀n lọ́kọ̀ọ̀kan: ọṣẹ dúdú, òrí, kànìnkànìn, aṣọ òfì, ọ̀já. Ó dé orí igbá ńlá kan.

"Mà, ṣé kò sí igbá lọ́hùn-ún ni?"

"Èyí tí mo fi wẹ Mùínà nìyẹn."

"Kílò kan ààbọ̀ ni, mà."

"Oyèékúnlé, ṣebí ẹ̀yin lẹ kọ́ ẹ̀rọ tó ń bá wa bẹ̀rù ikú. Ẹ tì wá mọ́lé tán, ẹ tún wá ń ka igbá mọ́ mi lọ́wọ́."

Ọkùnrin náà dorí kodò. "Èmi náà ní ìyá níta, mà. Mi ò tíì gbúròó wọn."

Ojú ti Àsàkẹ́ díẹ̀. Ó ní kó gbé igbá náà sí i, kó yọ gààrí.

Làmídì kò sọ ìrìn àjò náà fún ẹnikẹ́ni, àmọ́ ta ló ń fi mọ́tò pupa pamọ́? Ní Ọjọ́bọ̀, Ìyá Ṣèlí gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, ó gbé ẹja gbígbẹ tí ó fi aṣọ dì dání, fún ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó wà ní Jàlíńgò. "Ẹ bá mi fi lé e lọ́wọ́. Kò wúwo." Bó ṣe ń jáde ni ẹlòmíì ń wọlé. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá gbọ́ pé o ń lọ á fi nǹkan rán ọ, ìwọ náà á sì gbà á. Ilé mọ́kànlá ló wá: ẹni tó gbé Kùránì wá fún àbúrò rẹ̀, ẹni tó gbé ọmọ ọlọ wá fún ìyàwó ọmọ rẹ̀. Gbogbo wọn ló ní ẹnì kan níta tí wọn kò mọ̀ bóyá ó jẹun. Àsàkẹ́ tí ọmọ tirẹ̀ wà níta, ojú wo ló máa fi wo abiyamọ kan kó sọ pé rárá?

Ó tú àga tirẹ̀ nínú Àṣá, ó kó tìmùtìmù inú rẹ̀ dà nù, ó to ẹrù ilé mọ́kànlá sí ìdí àga àti ẹ̀yìn rẹ̀, ó fi okùn ọ̀rá onílọ̀ọ́po méjì rán an pa. Kò sọ fún Làmídì. Kò sọ fún Oyèékúnlé. Nínú ọkàn rẹ̀, ẹni tó bá ń wọn nǹkan á ṣáà fi díẹ̀ sílẹ̀. Onígààrí á kún kọ́ńgò tán, á tún bu èènì lé e. Kò rí ìwọ̀n tí kò ní èènì rí láyé rẹ̀.

Láàárọ̀ Jímọ̀, Làmídì rí àlùmọ́gàjí lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀.

"Ìyá Mùínà, kí lo fẹ́ fi ìyẹn rán lójú ọ̀nà?"

Ó gbà á, ó gbé e sórí ọ̀dẹ̀dẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà àti jáàkì.

Lẹ́yìn ìrun, wọ́n wa Àṣá wọ ẹnu-ọ̀nà ìlà-oòrùn. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn pa dé. Ti iwájú kò ṣí. Gíláàsì níwájú, gíláàsì lẹ́yìn, wọ́n wá dà bí ẹja inú ìgò. Àsàkẹ́ ń wo ọ̀nà pupa tó lọ gbọọrọ níta, aláǹgbá kan ń sáré kọjá lórí rẹ̀ láìtọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

"Ó fi ogójì kílò lé," ohùn Amọ̀nà sọ wọ́ọ́rọ́wọ́. "Mò ń kà dé igba. Bí kò bá pé, ẹ ó padà."

"Ogójì kẹ̀?" ni Làmídì wí. "Ẹ̀rọ yìí ti ya wèrè." Ó fò bọ́ sílẹ̀, ó ń kó ẹrù jù síta, igbá, aṣọ òfì, oúnjẹ, gbogbo rẹ̀ pátá.

"Ó fi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lé. Mo ti kà dé àádọ́ta."

Làmídì wo inú bọ́ọ̀tù, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́. Epo kò ṣeé dà nù, ó kàn tó dé Mambila ni. Àsàkẹ́ bọ́ sílẹ̀.

"Bàbá Mùínà. Inú àga ni."

"Kí ló wà nínú àga?"

"Ẹrù àwọn ará àdúgbò. Mo rò pé wọ́n á fi èènì sí i."

Bí ó bá bú u, ì bá sàn fún un. Ṣùgbọ́n Làmídì kàn wò ó, ó ní, "Àlùmọ́gàjí dà?"

"Ẹ ní kí n fi sílé."

Làmídì fa sukudiráfà yọ, ó ń fi gún àga náà. Àsàkẹ́ fi eyín fà á, ó fi èékánná fà á. Láti ìgbà tó ti ń ránṣọ, kò tíì rán nǹkan tó tú rí, ti òní náà kò sì fẹ́ tú. Ẹja Ìyá Ṣèlí nìkan ni wọ́n rí fà jáde.

"Ó fi mẹ́rìnlá lé. Àádóje."

Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Àsàkẹ́ kúrò lórí ìwọ̀n, ó lọ dúró ti ògiri.

"Ó pé," ni Amọ̀nà wí. "Ó ku kílò méjìdínláàádọ́ta." Ilẹ̀kùn iwájú bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí.

"Kí lò ń ṣe yẹn?" Làmídì kígbe. "Kí ni mo mọ̀ nípa ọmọ tuntun?"

"Èmi ńkọ́, kí ni mo mọ̀ nípa gíà? Ẹ wọlé!"

Àyè ti wá wà fún ẹrù báyìí. Àsàkẹ́ ń gbé wọn padà sórí àga tirẹ̀, igbá, ọṣẹ, òrí, oúnjẹ àti ẹja Ìyá Ṣèlí, ẹnu rẹ̀ kò sì dákẹ́. "Ìgbọ̀nwọ́ ni kí ẹ fi tọ́ omi wò, ọwọ́ yín ti yi jù. Ẹ na ẹsẹ̀ méjèèjì, ẹ tẹ́ ẹ sórí itan. Ẹ di orí rẹ̀ mú. Ẹ fi òrí pa á lára, ẹ nà án lápá, ẹ nà án lẹ́sẹ̀. Tó bá ké, ẹ má dúró. Lẹ́yìn náà, kí ẹ pọ̀n ọ́n."

"Kí èmi pọ̀n ọ́n?"

"Ẹ pọ̀n ọ́n, Làmídì." Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra, kò pe orúkọ rẹ̀ rí. Ó fi ọ̀já kọ́ ọ lọ́rùn.

Omi ń bọ́ lójú ọkùnrin náà nígbà tó ń ki gíà. Àṣá ké, ó jáde, eruku sọ. Ilẹ̀kùn pa dé mọ́ Àsàkẹ́ lójú. Ó gbọ́ ohùn wọ́ọ́rọ́wọ́ náà: "Mo ti rí i. Kì í ṣe ìdọ̀tí."

Ilẹ̀kùn kékeré tó lọ sínú ìlú ló gbà jáde. Àwọn ará ilé mọ́kànlá ti dúró síbẹ̀ kí wọ́n lè mọ̀ bóyá Àṣá lọ. Oyèékúnlé ló kọ́kọ́ rí i.

"Mà! Kí ló ṣẹlẹ̀? Mo ṣírò rẹ̀, ó pé!"

Ìyá Ṣèlí sún mọ́ ọn. "Ìyá Mùínà, ẹrù wa ńkọ́? Ṣé ó lọ?"

"Ó lọ. Ti gbogbo yín ló lọ."

Ni wọ́n bá ń yọ̀, ni wọ́n ń sàdúà, àwọn mìíràn kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ẹnì kan tó bi í pé kí ló dé tí kò fi lọ.

"Àyè ò gbà mí," ni Àsàkẹ́ wí, ó sì gba ilé lọ.

Táyà wà lórí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Jáàkì wà níbẹ̀, àlùmọ́gàjí náà wà níbi tí Làmídì gbé e sí. Ó jókòó tì wọ́n.