Ọpẹ́ Tó Ṣáájú Òfin

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan ní Ìkéré-Èkìtì, Ọmọ́bọ́lá jó ní ṣọ́ọ̀ṣì títí gèlè fi tú lórí rẹ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀, Màmá Ládépọ̀, ló ṣáájú, àwọn obìnrin ìjọ sì ru iṣu ọpẹ́ tẹ̀ lé wọn lọ síwájú pẹpẹ. Ta ni kò ní jó? Rédíò ti sọ pé àwọn aṣòfin l'Ábújá ti fọwọ́ sí àtúnṣe ìwé òfin ilẹ̀ wa, pé obìnrin tó bá ti pẹ́ nílé ọkọ yóò di ọmọ ìpínlẹ̀ ọkọ rẹ̀.

Ọmọ Ọ̀wọ̀ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó ni Ọmọ́bọ́lá. Ó ti kọ́ ọmọ Ìkéré níwèé títí tí àwọn kan nínú wọn ti di òbí. Síbẹ̀, nígbà tó wá ipò kan tó jẹ́ ti ọmọ ìpínlẹ̀, wọ́n ní kó padà sílé bàbá rẹ̀. Nígbà tó dé Ọ̀wọ̀, àwọn yẹn ní ó ti lọ sílé ọkọ. Ó wá dà bí àdán, kò ṣe eku, kò ṣe ẹyẹ. Ipò náà sì ti fẹ́ ṣí sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Bí ìsìn ti parí, Fọlákẹ́mi, lọ́yà tó jẹ́ ọmọ ìjọ náà, wá kí wọn.

"Ẹ kú ọpẹ́ o, Màmá. Ọjọ́ wo lẹ wá ń lọ rí aṣojú wa nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin l'Ádó lórí òfin yìí, bí ẹ ti ní ẹ máa lọ?"

Màmá rẹ́rìn-ín. "A ti fagi lé uyẹn. Ẹni tí a ti ṣe lóore, kí ló tún ń bẹ̀bẹ̀ fún? Ọpẹ́ ló kù."

"Háà! Màmá, ẹ ti ń ṣe ìkómọ, aboyún ò sì tíì rọbí!"

Ẹ̀rín kú lẹ́nu Ọmọ́bọ́lá. "Lọ́yà, kí ló tún kù?"

"Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé. Àwọn ológun ló gbé ìwé òfin yìí lé wa lọ́wọ́ lọ́dún 1999, nígbà tí wọ́n ń gbé ìjọba sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà àtúnṣe wà nínú rẹ̀, a sì ti tún un ṣe léraléra. Òun ló jẹ́ kí ọmọ ọdún márùndínlọ́gbọ̀n lè dupò aṣòfin ìpínlẹ̀ lónìí. Ọgbọ̀n ọdún ni tẹ́lẹ̀."

"Báwo ni wọ́n ṣe ń tún un ṣe?"

"Ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn aṣòfin gbọ́dọ̀ gbà ní ilé méjèèjì l'Ábújá. Wọ́n ti gbà, a dúpẹ́. Ó wá kan àwọn ìpínlẹ̀. Nínú ìpínlẹ̀ mẹ́rìndínlógójì, bí mẹ́rìnlélógún ò bá gbà, òfo ni. Ọjọ́bọ̀ ni Èkìtì máa dìbò tiwọn. Bí aṣojú wa ò bá gbọ́ ohùn wa, á ní ọ̀rọ̀ náà ò kàn wá."

"Ọjọ́bọ̀ kẹ̀?" Màmá ti ń tún ìró ró, ó sì ké sí ọmọ rẹ̀, ọkọ Ọmọ́bọ́lá. "Ládépọ̀, wá ọkọ̀ fún wa o. Ọ̀la là ń lọ!"

Nígbà tí wọ́n dé Adó, aṣojú wọn ní, "Ẹ̀yin ìyá mi, mo rò pé ẹ ò fẹ́ ẹ mọ́ ni."

Màmá dìde. "Ọmọ wa, nígbà tí bàbá Ládépọ̀ kú, èmi àti aya ọmọ mi yìí la jọ sùn sórí ẹní ọ̀fọ̀. Kò lọ ulé bàbá rẹ̀. Ẹni tó bá mi ṣọ̀fọ̀ nínú ulé mi, ẹ má jẹ́ kí ìwé pè é lájèjì."

Omi bọ́ lójú Ọmọ́bọ́lá. Ọkùnrin náà sọ fún wọn pé òun ti gbọ́. Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, Èkìtì gbà á.

Ọmọ́bọ́lá kúnlẹ̀ níwájú ìyá ọkọ rẹ̀. "Màmá mi, ẹ ṣeun. Ẹ ò jẹ́ kí ojú tì mí."

Màmá fà á dìde. "Ó tó. Ìpínlẹ̀ Oǹdó ò tíì dìbò. Pe àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ l'Ọ́wọ̀, kí wọ́n lọ bá aṣojú tiwọn."

Ẹ̀yin ará wa, bí ẹ bá gbọ́ pé Abújá ti fọwọ́ sí àtúnṣe ìwé òfin, ẹ béèrè ibi tó kù. Ẹ mọ ẹni tó ń ṣojú yín nílé ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀, kí ẹ sì lọ bá a kó tó dìbò. Ọpẹ́ dára, ṣùgbọ́n ẹ má sùn lórí ọpẹ́. Àwọn ológun ló fún wa níwèé òfin yìí. Àwa la ni àtúnṣe rẹ̀.