Ògì Mọ Ìṣirò

Chumil jí ní kùtù. Òtútù mú lórí òkè.

Màmá ń kánjú lọ sí oko kọfí. Ó bu kọfí dídùn sínú ife fún Chumil. Chumil mu ún, fùúrù, fùúrù.

Ó gun òkè. Ó sọ̀ kalẹ̀. Ó dé ilé-ìwé.

"Chumil," ni Tíṣà Odilia wí, "méje pẹ̀lú márùn-ún, mélòó ni?"

Òòyì ń kọ́ Chumil. Inú rẹ̀ ń kùn, kùùù, kùùù.

"Mẹ́rin!"

Háà! Méje nìkan gan-an ju mẹ́rin lọ!

"Mẹ́fà pẹ̀lú méjì ńkọ́?"

"Ogún!"

Yéè! Gbogbo kíláàsì lanu sílẹ̀.

"Olódo!" ni Tun, ọmọ kíláàsì rẹ̀, pariwo láti ẹ̀yìn.

Tíṣà mi orí. "Chumil, lọ́la, kíláàsì àwọn ọmọ kékeré lo máa padà sí."

Àyà Chumil já, pàà! Kíláàsì kìíní? Òun? Omijé bọ́ lójú rẹ̀.

Gbàngàn, gbàngàn! Àkókò oúnjẹ tó.

Àwọn ìyá ló máa ń dáná nílé-ìwé wọn, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó kan Ìyá Tun lónìí. Ògì gbígbóná ló sè, àgbàdo pẹ̀lú ẹ̀wà sóyà.

"Gbà, ọmọ mi. Nu ojú ẹ."

Chumil mu ife kan. Ó mu ìkejì. Inú rẹ̀ dákẹ́. Òòyì lọ.

Ó wo pátákó. Méje pẹ̀lú márùn-ún... Méjìlá ni!

Ó sáré bá Tíṣà. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ tún bi mí!"

"Mẹ́fà pẹ̀lú méjì?"

"Mẹ́jọ!"

"Mẹ́sàn-án pẹ̀lú mẹ́rin?"

"Mẹ́tàlá!"

Ṣọ́ọ̀kì bọ́ lọ́wọ́ Tíṣà, tó!

"Ẹ gbà mí o!" ni Tun kígbe. "Ògì mọ ìṣirò!"

"Chumil, kí lo jẹ láàárọ̀?" ni Tíṣà bi í.

"Kọfí, mà."

"Kọfí àti kí ni?"

"Kọfí nìkan ni, mà."

Págà! Tíṣà káwọ́ lórí. Ó bi àwọn yòókù.

"Kọfí." "Kọfí." "Kọfí."

"Kọfí," ni Tun náà wí. Ìyá Tun fi aṣọ bojú.

"Mo ṣì ọ́ mú, Chumil," ni Tíṣà wí. "O ò lọ síbì kankan. Láti ọ̀la, a ó kọ́kọ́ mu ògì, ká tó ṣe ìṣirò."

Chumil fò sókè. Ó wá wo ojú Tíṣà.

"Ẹ̀yin ńkọ́, mà? Kí lẹ jẹ láàárọ̀?"

Tíṣà wolẹ̀. "Kọfí," ló dáhùn jẹ́jẹ́.

Háààà!

Ìyá Tun bu ògì kún ife kan. Chumil fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún Tíṣà.

"Ẹ mu ún tán o, mà."