Ẹnu Tí Ilé-Iṣẹ́ Bátìrì Gbà Síṣẹ́

Ọ̀rọ̀ líle ni agbẹnusọ ilé-iṣẹ́ bátìrì àti olùkọ́bìnrin kan fi pàdé. Ilé-iṣẹ́ fi ogójì àga ta ilé-ìwé tó wà lẹ́yìn ọgbà wọn lọ́rẹ, agbẹnusọ ló kó ayàwòrán wá. Gbogbo ènìyàn ń rẹ́rìn-ín, àfi olùkọ́ kíláàsì kẹta.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fẹyín díẹ̀," agbẹnusọ bẹ̀ ẹ́.

"Inú ń run àwọn ọmọ mi láràárọ̀," olùkọ́ dáhùn. "Ohun tí mo kọ́ wọn lánàá, wọn ò rántí lónìí. Omi kànga wa ń ta ni lẹ́nu. Ṣé àga ni wọn yóò mu?"

"Ilé-iṣẹ́ wa kì í fi ìlera aráàlú ṣeré."

"Ta ló sọ fún yín?"

Ọdún mẹ́fà ni agbẹnusọ ti ń fèsì irú ìbéèrè yìí láìwẹ̀yìn. Lọ́jọ́ náà, ó ní kí ayàwòrán kó ẹ̀rọ rẹ̀, kí wọ́n máa lọ.

Lọ́sẹ̀ kejì, ó padà lọ, ó ní òun wá wò bóyá ẹsẹ̀ àwọn àga dúró dáadáa. Wọ́n dúró dáadáa. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, olùkọ́ rẹ́rìn-ín. "Àga wo ló tún ṣubú?" Kò ju oṣù mélòó kan lọ tí wọ́n fi ń pe ara wọn ní olólùfẹ́.

Bàbá olùkọ́ tẹ́wọ́ gbà á. Bàbá náà ti lo ọdún méjìlélógún nílé-iṣẹ́ náà, ọmọkùnrin rẹ̀, àbúrò olùkọ́, sì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. "Ará ilé wa ni," ni bàbá wí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, agbẹnusọ ń wá àwòrán nínú fáìlì, ó rí ìwé àyẹ̀wò omi kànga yẹn. Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí wọ́n ti ṣe é. Òjé tó ń jáde lára bátìrì wà nínú omi náà, ó fi ìlọ́po mẹ́rin ju ohun tí ara lè gbà lọ. Lóṣù tí wọ́n ra àga, máníjà fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sísàlẹ̀ ìwé náà: "Kó má jáde. Ẹ ra àga fún wọn."

Ó gbé e lọ bá máníjà. Ìyẹn ò jiyàn.

"Bí a bá tún gọ́tà omi ẹ̀gbin tó ń jò sí kànga yẹn ṣe, èrè ọdún kan lọ nìyẹn. Ìwọ ṣáà máa kọ ọ̀rọ̀ dídùn rẹ."

"Ojúṣe wa sáwọn ará àdúgbò ńkọ́, sà?"

"Ṣebí a ti ra àga."

Ó mú ìwé náà lọ fún olùkọ́. Olùkọ́ kà á lẹ́ẹ̀mejì.

"Iṣẹ́ rẹ ńkọ́, olólùfẹ́ mi?"

"Ó ti lọ."

Agbẹnusọ gbé e fún àwọn aláyẹ̀wò ìjọba. Wọ́n ti géètì ilé-iṣẹ́ pa. Ọ̀ọ́dúnrún ènìyàn jókòó sílé, àbúrò olùkọ́ wà lára wọn.

"Ẹni tó gba oúnjẹ lẹ́nu wa ò ní tẹ ilé yìí mọ́," bàbá wí.

"Bàbá, ẹ̀yin náà mu omi yẹn," olùkọ́ dáhùn.

"Mo mu ún, mo sì fi iṣẹ́ ibẹ̀ tọ́ yín."

Agbẹnusọ rí iṣẹ́ kékeré ní ilé ìtẹ̀wé. Ó ní kí àwọn lọ fọwọ́ síwèé ìgbéyàwó láìsọ fẹ́nì kankan. Olùkọ́ kọ̀. "Mi ò ní jí ara mi gbé nílé bàbá mi. Dúró dè mí." Ó ń dùn ún, ṣùgbọ́n ó dúró.

Lóṣù keje tí wọ́n ti géètì pa, ilé-iṣẹ́ tún gọ́tà ṣe, wọ́n fa omi tó mọ́ wọ àdúgbò, wọ́n sì pe àwọn òṣìṣẹ́ padà. Àwọn aláyẹ̀wò ní kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ gbogbo wọn wò. Dókítà sọ fún àbúrò olùkọ́ pé òjé ti pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, pé ká ní ó lo ọdún kan sí i níbẹ̀, kíndìnrín rẹ̀ ì bá ti bàjẹ́. Bàbá wà níbẹ̀ nígbà tó ń sọ ọ́.

Lọ́jọ́ kejì, bàbá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ ilé ìtẹ̀wé, ó dúró láàárín ariwo ẹ̀rọ.

"Ṣé o ṣì fẹ́ ọmọ mi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Inú ṣì ń bí mi sí ọ."

"Mo mọ̀, sà."

"Kó àwọn ẹbí rẹ wá lọ́jọ́ Sátidé."

Wọ́n ṣègbéyàwó lóṣù tó tẹ̀ lé e. Àwọn òṣìṣẹ́ kan wá. Àwọn mìíràn ò kí ọkọ ìyàwó títí dòní. Bàbá fa ọmọ rẹ̀ lé e lọ́wọ́. Ó di ọwọ́ àwọn méjèèjì mú, ó pẹ́ kó tó fi sílẹ̀.