Ẹyin Tí Ìyá Ọmọ́dára Ń Tọ́jú Pamọ́

Adìyẹ Ìyá Ọmọ́dára kì í yé ẹyin kó má pariwo. Bó bá ti ń ké lẹ́yìn ilé ìdáná láàárọ̀, gbogbo àdúgbò wọn ní Inísà ló máa mọ̀. Ìyá á jáde, á mú ẹyin náà, á fi aṣọ nù ún, á sì fi lẹ́ẹ̀dì kọ ọjọ́ sí i lára. Iṣẹ́ tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu rẹ̀ kò tíì kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ti Ọmọ́dára nìyí," á wí, á sì gbé e sínú abọ́ tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù.

Lẹ́yìn náà ni yóò po tíì, yóò fi búrẹ́dì mu ún, ó di ìrọ̀lẹ́. Nírọ̀lẹ́, gààrí àti ṣúgà ni.

Kì í ṣe pé kò sí oúnjẹ nílé o. Ẹ̀wà wà nínú kẹ́ẹ̀gì. Gbúre bo gbogbo ẹ̀yìnkùlé, ìbẹ́pẹ ń pọ́n lórí igi, ẹyẹ ló ń jẹ ẹ́. Ẹja gbígbẹ pàápàá wà, ọmọ ló ń tọ́jú rẹ̀ dè. Àmọ́ láti ìgbà tí Tímótì ọkọ rẹ̀ ti kú lọ́dún tó kọjá ni iná dídá ti sú u. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan, ó se ọbẹ̀, ó sì bu oúnjẹ sí abọ́ méjì láìmọ̀. Ó jókòó ti abọ́ kejì, ó sunkún títí ọbẹ̀ fi tutù. Látọjọ́ náà ló ti pa ìkòkò tì. Àárò ọkọ ń sọ ọ́, àárò ọmọ náà ń sọ ọ́.

Ọmọ́dára nìkan ló bí, Àbújá lọ́mọ náà sì ń gbé. Ó ní òun ń bọ̀ lọ́dún Àjíǹde, kò ráyè. Ó ní òun ń bọ̀ nígbà ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì, iṣẹ́ ò jẹ́. Ní báyìí, ó ti lóyún, dókítà ò sì fẹ́ kó rin ìrìn àjò tó jìn.

"Mọ́mì, ẹ̀yin lẹ máa wá o," ló wí lórí fóònù. "Ó ku oṣù mẹ́ta. Ẹ̀yin lẹ máa bá mi wẹ ọmọ. Ṣé ara yín le?"

"Ara mi le koko!"

Irọ́ ni. Garawa omi kékeré ti ń wúwo fún ìyá, òòyì sì ń kọ́ ọ bó bá dìde. Ṣùgbọ́n ta ló máa sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ tó lóyún?

Lọ́jọ́ kan, ó wọkọ̀ lọ sí Ìkìrun láti ra aṣọ ìkókó. Ó ti ra fìlà funfun kékeré kan, ó ń yẹ̀ ẹ́ wò lọ́wọ́, ló bá di pé ojú rẹ̀ ṣókùnkùn. Ìgbà tó máa fi lajú, orí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn ló bá ara rẹ̀, fìlà ọ̀hún wà lọ́wọ́ rẹ̀ síbẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Adérónkẹ́ ti yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò.

"Màmá, ẹ̀jẹ̀ yín ti lọ sílẹ̀ gan-an. Kí lẹ jẹ láàárọ̀ yìí?"

"Tíì àti búrẹ́dì."

"Lánàá ńkọ́?"

"Gààrí ni mo mu."

"Ìjẹta?"

Ìyá tẹjú mọ́ fìlà ọwọ́ rẹ̀. Ojú ń tì í bí ọmọ tí kò ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá.

"Ṣé kò sóúnjẹ nílé ni, Mà?"

"Ó wà. Adìyẹ mi ń yé. Ọmọ mi ni mò ń kó ẹyin ẹ̀ pa mọ́ fún. Èmi nìkan ló kù nílé, ta ni kí n máa dáná fún?"

Adérónkẹ́ ò rẹ́rìn-ín. Ó nawọ́ sí fìlà.

"Ta ló ni èyí?"

"Ọmọ-ọmọ mi tó ń bọ̀ ni."

"Ọwọ́ tó máa gbé ọmọ náà ńkọ́, Mà? Kí lẹ fi ń bọ́ ọ? Bí òòyì bá kọ́ yín níbi tẹ́ ẹ ti ń wẹ̀ ẹ́ ńkọ́?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ ìyá lára. Ó bú sẹ́kún.

Nọ́ọ̀sì jókòó tì í. "Gààrí, búrẹ́dì, iṣu, agbára ni wọ́n ń fún wa, wọn ò burú. Àmọ́ ẹ̀wà, ẹyin, ẹja àti ẹran ló ń tún ara mọ. Ẹ̀fọ́ àti èso ló ń bá ara gbógun ti àìsàn. Ó yẹ kí gbogbo wọn máa pàdé nínú abọ́ yín. Ẹ má máa mu tíì mọ́ oúnjẹ, kì í jẹ́ kára rí ohun tó fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀ gbà dáadáa. A máa fún yín lóògùn, a sì máa ṣe àyẹ̀wò sí i, torí oúnjẹ nìkan kọ́ ló ń fa àìtó ẹ̀jẹ̀. Àti pé, Màmá, ẹ wá ẹni tẹ́ ẹ ó jọ máa jẹun. Àdájẹ ló ń sú ni."

Nígbà tí ìyá délé, ó gbé abọ́ ẹyin sílẹ̀. Ó fọ́ àkọ́kọ́, ó ti bàjẹ́. Ó fọ́ ìkejì, òórùn gba ilé. Mẹ́jọ ló dànù. Ọmọ́dára ò jẹ ẹ́, òun náà ò jẹ ẹ́.

Mojíbọ́lá, ọ̀dọ́mọdébìnrin tó gba yàrá iwájú, yọjú pẹ̀lú búrẹ́dì àti mínírà lọ́wọ́. "Ẹ kú ilé, Mà. Kí ló ń rùn?"

"Ìwà òmùgọ̀ mi ni. Oúnjẹ rẹ nìyẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà. Èmi nìkan ni mo sáà fẹ́ jẹ ẹ́."

"Kíláàsì kan náà làwa méjèèjì wà! Gbé e sílẹ̀, lọ já gbúre wá."

Wọ́n se ẹ̀wà, wọ́n fi ẹja gbígbẹ ro gbúre, wọ́n gé ìbẹ́pẹ. Ìyá bu oúnjẹ sí abọ́ méjì. Ó wo àga Tímótì, omijé lé ròrò sójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó jẹun tán.

Lẹ́yìn oṣù méjì, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti gòkè. Adìyẹ ṣì ń ké láràárọ̀, àmọ́ lẹ́ẹ̀dì ti sinmi. Bí ìyá bá ti mú ẹyin, á ní, "Ti ọwọ́ tó máa gbé ọmọ nìyí," á sì gbé omi kaná.

Ẹ̀yin ìyá àti bàbá tẹ́ ẹ dá wà nílé, ẹ má fi oúnjẹ gidi pa mọ́ de àlejò kẹ́ ẹ wá máa fi gààrí tan ara yín. Ẹ jẹ ẹ̀wà, ẹ jẹ ẹyin, ẹ jẹ ẹ̀fọ́ ẹ̀yìnkùlé yín àti èso rẹ̀. Bó bá ń rẹ̀ yín tàbí tí òòyì ń kọ́ yín, ẹ tètè lọ sílé ìwòsàn. Ẹ̀yin ọmọ tẹ́ ẹ wà lókèèrè, bẹ́ ẹ bá pe ìyá yín, ẹ má bi í pé ṣé ara le. Irọ́ ló máa pa fún yín. Ẹ bi í pé, "Mọ́mì, kí lẹ jẹ lónìí?"