Kọ́kọ́rọ́ Tí A Ti Pa

Nọ́ńbà tí ìyá àgbà náà kọ sórí ìwé kò yẹ kó wà láyé mọ́. Olùtọ́jú kọ́kọ́rọ́ wò ó, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wò ó. Òǹkà mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni, kò lé, kò dín. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi pa kọ́kọ́rọ́ yìí lọ́dún tó kọjá.

Ìyá Kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n ń pe olùtọ́jú yìí nílé ìwòsàn náà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí irin kankan nínú àpò rẹ̀. Gbogbo àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn, tàtijọ́ tòní, orí téèpù àti dísìkì ni wọ́n wà, nínú yàrá tútù kan nísàlẹ̀ ilé. Wọ́n ti da ọ̀rọ̀ inú wọn rú, débi pé bí olè bá gbé wọn lọ, wúruwùru lásán ni yóò rí. Nọ́ńbà gígùn kan ṣoṣo ló lè to ọ̀rọ̀ téèpù kọ̀ọ̀kan padà, nọ́ńbà yẹn sì ni kọ́kọ́rọ́. Inú ẹ̀rọ ló ń gbé. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ọgbọ̀n ọdún bá ti pé lórí àkọsílẹ̀ kan, wọn kì í dáná sun téèpù. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ni Ìyá Kọ́kọ́rọ́ máa ń pa rẹ́ lójú ẹlẹ́rìí kan, àwọn méjèèjì á sì tọwọ́ bọ̀wé. Láti ọjọ́ náà, téèpù di òkúta. Ọ̀rọ̀ wà níkùn rẹ̀, àmọ́ ẹnu ti pa dé.

Ó bi ìyá àgbà náà pé ta ló fún un ní nọ́ńbà. Ìyá náà ká ọwọ́ lé itan. Ó ní òun bí ọmọkùnrin kan níbí lọ́dún mọ́kànlélọ́gbọ̀n sẹ́yìn. Wọ́n ní òkú lòun bí, wọn ò sì jẹ́ kí òun fojú kàn án. Òun sunkún tán, òun sì bí àwọn àbúrò rẹ̀. Àfi lọ́dún tó kọjá, tí òun sùn díẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tí òun gbọ́ ohùn ọkùnrin tó ń ka nǹkan jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń kàwé fún afọ́jú. Ojoojúmọ́ ló ń kà á. Oṣù mẹ́jọ lòun fi kọ ọ́ tán.

Ìyá Kọ́kọ́rọ́ bi í pé ọjọ́ wo gan-an ló bẹ̀rẹ̀. Ìyá náà dárúkọ ọjọ́. Ọjọ́ yẹn gan-an ni Ìyá Kọ́kọ́rọ́ àti ẹlẹ́rìí rẹ̀ pa ogójì kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

"Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé ọmọ yín ni, Mà?"

"Ohùn bàbá rẹ̀ ló ní."

Ẹni tó bá tẹ kọ́kọ́rọ́ tí a ti pa sínú ẹ̀rọ, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Kì í sì í ṣe àánú ló sún Ìyá Kọ́kọ́rọ́ débẹ̀. Ó kàn fẹ́ fi han ara rẹ̀ pé kò lè ṣí ni. Òǹkà mẹ́rin tó ṣáájú nínú nọ́ńbà ló máa ń sọ téèpù tó ni ín. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó fa téèpù náà yọ. Nínú òtútù yẹn, ara téèpù náà lọ́ wọ́ọ́rọ́, bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀. Ó fi í sẹ́nu ẹ̀rọ, ó tẹ òǹkà náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rọ kùn díẹ̀. Ojú ìwé ṣí.

Ọmọkùnrin. Agogo mẹ́wàá òwúrọ̀ ló dé. Ó ké. Ìwọ̀n rẹ̀ dára. Agogo mọ́kànlá, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́. Ìyókù ojú ìwé náà funfun báláú.

Ó gòkè lọ, ó sọ ohun tó rí fún ìyá àgbà náà ní ohùn ìsàlẹ̀.

"Ó ké?" ni ìyá náà bi í.

"Ó ké, Mà."

Ìyá náà mi orí, ó tún mi orí. Ó ní òun á padà wá lọ́la láti gbọ́ ìyókù. Ìyá Kọ́kọ́rọ́ ò mọ bí yóò ṣe sọ fún un pé kò sí ìyókù.

Apoògùn àgbà ló tọwọ́ bọ̀wé pẹ̀lú rẹ̀ lọ́jọ́ náà, bàbá onísùúrù kan tí kò ní pẹ́ fẹ̀yìn tì. Ó máa ń bá a ṣàwàdà pé kòkòrò lòun ń pa, kọ́kọ́rọ́ ni tirẹ̀, iṣẹ́ kan náà ni. Ìyá Kọ́kọ́rọ́ lọ bá a, ó sọ ọ̀rọ̀ nọ́ńbà náà fún un, kò sọ tojú ìwé. Bàbá náà fi oògùn tó ń kà sílẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn. Ó ní òun náà ń gbọ́ nọ́ńbà tòun, láti ọjọ́ yẹn, bí òun bá ti tòògbé lórí àga lọ́sàn-án. Òun rò pé ọjọ́ orí ni. Ó yọ ìwé tó kọ nọ́ńbà náà sí, tó ti ká títí tó fi ń ya.

"Ẹ bá mi wò ó. Téèpù wo nìyí?"

Ìyá Kọ́kọ́rọ́ kà á lẹ́ẹ̀kan péré. Ó ní téèpù yàrá oògùn ni, ti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n sẹ́yìn. Kó tó mọ̀, ó ti fi kún un pé ọdún yẹn ni wọ́n gún ọmọ tuntun kan lábẹ́rẹ́ lágogo mọ́kànlá, tí wọn ò kọ nǹkan kan mọ́.

Apoògùn gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rì í sínú ife omi, ó ń wo bí yíǹkì ṣe ń tú.

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́ nígbà náà ni," ló wí. "Ìgò méjì jọ ara wọn." Nígbà tó yá ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tẹ̀ ẹ́."

Ìyá Kọ́kọ́rọ́ ṣèlérí fún un. Kí ló tiẹ̀ fẹ́ tẹ̀? Ìwé ti di ẹrẹ̀, ta ló sì lè wo òǹkà mẹ́rìnlélọ́gọ́ta lẹ́ẹ̀kan kó há a sórí?

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ń fọ abọ́ nílé nígbà tí ọkọ rẹ̀ béèrè láti inú yàrá pé kí ló ń kà. Ó ní òun ò ka nǹkan kan. Ìgbà náà ló tó mọ̀ pé ẹnu òun ń mì. Ó ti ka ọgọ́ta nínú òǹkà ìwé apoògùn, ó ku mẹ́rin, ó sì mọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Nígbà tó dé ibi iṣẹ́, ìyá àgbà ti jókòó dè é lẹ́nu ọ̀nà. Ojú rẹ̀ ti wálẹ̀, bí ojú ẹni tó sùn dáadáa.

"Kò kà á fún mi mọ́ lánàá," ló sọ. "Ó ní ọ̀dọ̀ rẹ lòun ń lọ."

Ìyá Kọ́kọ́rọ́ mú un sọ̀ kalẹ̀ lọ sí yàrá téèpù. Ó ṣílẹ̀kùn, ó sì yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ìyá náà lè ṣáájú wọlé.