Ìbọn Tí Bàbá Adébíyìí Fi Sílẹ̀

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣojú mi. Ẹni tí kò bá gbà á gbọ́, kó máa bá tirẹ̀ lọ. Èmi ni mo mọ orúkọ gbogbo òkú ilé wa, n kì í sì í purọ́ mọ́ wọn.

Ní ọdún 1962, Bàbá Adébíyìí, àbúrò bàbá mi, kú sí Port Harcourt. Ọmọ ọdẹ ni. Ní ìlú wa, tí irú wọn bá kú, a máa ń yìnbọn fún wọn. Ṣùgbọ́n ìlú onílùú la wà, onígbàgbọ́ sì ni wá. A kọrin, a ṣàdúrà, a lọ jẹun.

Èmi ni wọ́n pín ìbọn ìléwọ́ rẹ̀ fún. Ọlọ́pàá gbọ́. Wọ́n fún mi ní ọjọ́ mẹ́ta kí n mú ìwé alágbẹ̀dẹ ìbọn wá, pé kò lè yìn mọ́. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ̀wọ̀n.

Èmi àti Akínbíyìí, ọkọ mi, gbé e lọ bá Dagogo, alágbẹ̀dẹ ìbọn kan ní Amadi-Ama létí omi. Ó tú u palẹ̀ sórí àpò: ọ̀pá rẹ̀, èkù oníwo, irin róbótó tó ní ihò ọta mẹ́fà. Ó ka nọ́ńbà tó wà lábẹ́ rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín.

"Madam, dis one old pass you and your oga join."

Mo ní kó fi ọjọ́ orí mi sílẹ̀, kó sọ bóyá ó lè yìn.

Ó fi hàn mí. Abẹ́rẹ́ tó ń gún ìdí ọta ti ṣẹ́. Ìpẹtà ti dí ẹnu ọ̀pá náà pa. Ihò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ṣófo.

"E don die. Na iron remain."

Ó kọ ọ́ sínú ìwé, ó buwọ́ lù ú.

Ìgbà náà ni ìbọn náà dún.

Ẹ̀ẹ̀kan péré. Àwọn ẹyẹ etí omi gbéra. Lẹ́yìn náà, n kò gbọ́ nǹkan kan mọ́, àní omi pàápàá. Ọ̀pá wà níbi tó wà, èkù wà níbi tó wà. Èéfín ń yọ láàárín ìpẹtà, díẹ̀díẹ̀.

Dagogo tò ó pọ̀.

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, ọ̀gá wọn ka ìwé náà. Ó gbé ẹnu ìbọn sí imú. Ó tún gbóòórùn rẹ̀.

"Na who fire am today?"

Èmi ló ń wò. Orúkọ mi ló wà nínú ìwé.

"Èmi ni," ọkọ mi wí.

"Bàbá Rónkẹ́!"

"Lọ sílé, Ìyá Rónkẹ́. Ọmọ kò tíì jẹun."

Oṣù mẹ́fà ló lò lẹ́wọ̀n. Ọjọ́ tó dé, mo gbé omi ìwẹ̀ fún un, n kò béèrè nǹkan kan. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́.

"Irọ́ kọ́ ni mo pa fún wọn. Èmi ni mo yìn ín fún Bàbá Adébíyìí."

Ẹ̀gbẹ́ mi ló jókòó sí lọ́dọ̀ Dagogo nígbà tí ìbọn náà dún. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí orúnkún.